Oúnjẹ Tí Ara Ọmọ Kọ̀: Bí A Ṣe Ń Dán An Wò àti Bí A Ṣe Ń Dá A Padà

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ àwọn obìnrin sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Aláúsá, Ìkẹjà)

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ilé iṣẹ́ tààrà wá síbí, láti Agídìńgbì, láti Ọ̀rẹ́gún, láti Ògbà àti láti Agége. Nítorí náà a kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa gùn jù.

Nígbà tí a bá pàdé báyìí, ọ̀rọ̀ owó ìfipamọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó àti ọ̀rọ̀ èrè ìparí ọdún ni a sábà máa ń sọ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ ni tòní. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó jìnnà sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ẹ bi akọ̀wé owó wa: bí ọmọ bá ń ṣàìsàn lóru, òwúrọ̀ ni ìyá rẹ̀ yóò wá béèrè ẹ̀yáwó kíákíá. Ọmọ tí ara rẹ̀ le ni owó ìfipamọ́ àkọ́kọ́ tí a ní.

Ohun tí ojú wa rí

Àwa mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wa ni ìyá ọmọ tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n nítorí pé gbogbo wa ni a jọ gbé e lọ, gbé e bọ̀, ọmọ wa ni a ó máa pè é.

Ọmọ wa pé oṣù mẹ́sàn-án. Ìyá rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyá àgbà ni ó ń bá a tọ́jú ọmọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan a se ẹyin, a sì fún ọmọ ní ìdajì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ètè rẹ̀ fi wú. Ara rẹ̀ sú kókó-kókó bí ẹni tí èsìsì jó, ó ń họra, ó ń ké, ó sì bì lẹ́ẹ̀mejì. A sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Dókítà sọ fún wa pé kí a má ṣe fún un ní ẹyin mọ́ títí a ó fi mú un wá fún ìdánwò.

Ẹyin nìkan ni dókítà dárúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a dé ilé, ẹ̀rù kò jẹ́ kí a dúró sórí ẹyin. Aládùúgbò kan ní mílíìkì náà burú, a yọ ọ́. Ẹlòmíràn ní òun gbọ́ pé ẹ̀pà ń pa ọmọ ní ìlú òyìnbó, a yọ ẹ̀pà. Ìyá àgbà ní kí a ṣọ́ra fún ẹja àti edé. Nígbà tí inú ọmọ wú díẹ̀ ní ọjọ́ kan, a yọ ẹ̀wà. Ìdánwò tí dókítà ní kí a wá ṣe, a kò lọ. A ní ṣebí a ti mọ ohun tí ó ń ṣe é.

Kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́rìnlá, ògì àti ṣúgà ni oúnjẹ òwúrọ̀ rẹ̀, ìrẹsì àti epo ni ti ọ̀sán, ògì ni ti alẹ́. Irun rẹ̀ pọ́n, ó ń re. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí a gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì wo káàdì ìwọ̀n rẹ̀, ó rí i pé ìlà tí ó yẹ kí ó máa gòkè ti dúró, ó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó bi wá pé, "Ẹ̀yin ìyá, kí ni ọmọ yìí ń jẹ?" Ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ ni a bẹ̀rẹ̀ sí kà fún un. Ó ní, "Èyí tí ó ń jẹ ni mo bi yín." Ẹnu wa wọhò. Ẹyin ni ó bá ọmọ wa jà, ṣùgbọ́n ebi ni ó fẹ́ pa á.

Ìdí nìyí tí a fi dìde lónìí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ: kí a má ṣe fi ẹ̀rù mú oúnjẹ kúrò lẹ́nu ọmọ, kí a má sì ṣe fi ìgboyà dá a padà. Kí a dán an wò níwájú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Èèwọ̀ tí kì í ṣe èèwọ̀

Yorùbá ti mọ èèwọ̀ oúnjẹ tipẹ́. Ẹ rántí pé láyé àtijọ́ a kì í fún ọmọdé ní ẹyin tàbí ẹran tí ó jọjú, nítorí wọ́n ní yóò di olè. Àwọn àgbà ni wọ́n ń jẹ ẹran, ọmọ a sì máa fi ẹ̀kọ gba omi ọbẹ̀. Èrè rẹ̀ ni àìsàn tí dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, kọ ìwé nípa rẹ̀ ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí, láàárín 1933 sí 1935. Orúkọ tí àwọn ará Gã ń pè é ni ó lò fún un: kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé. Ẹsẹ̀ wíwú àti irun pípọ́n tí a rí lára ọmọ wa, òun gan-an ni.

Nílẹ̀ wa níbí, dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti 1956 sí 1961, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Imẹ̀sí-Ilé. Iṣẹ́ tí ó ṣe níbẹ̀ ni káàdì ìwọ̀n ọmọ ti jáde, èyí tí àwọn ìyá ń gbé kiri káàkiri ayé. Nítòsí wa ní Oṣòdì, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní FIIRO ni ó ṣe ògì tí a fi ẹ̀wà sóyà kún, kí ọmọ lè rí oúnjẹ amúaradàgbà nínú ẹ̀kọ rẹ̀.

Ẹ wò ó bí àwọn ènìyàn ti ṣe wàhálà tó láti fi ẹyin, ẹ̀pà, sóyà àti ẹja sí àwo ọmọ. Ẹni tí yóò mú ọ̀kan kúrò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Kí ni ara kọ̀, kí ni ara kò kọ̀?

Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tí ó bá da ọmọ láàmú ni ara rẹ̀ kọ̀. Ẹ jẹ́ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkíní ni oúnjẹ tí ó ti bàjẹ́ tàbí tí ó dọ̀tí. Ọmọ lè bì, kí ó sì ṣu, ṣùgbọ́n bí ó bá tún jẹ irú oúnjẹ náà ní tútù, kò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Èkejì ni ti mílíìkì tí ń ru inú. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, ẹni tí ó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, àti Norman Kretchmer ti Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún oríṣiríṣi ẹ̀yà ní Nàìjíríà ní ṣúgà inú wàrà láti mu, wọ́n sì wo bí ara wọn ṣe lò ó. Àwọn Fúlàní darandaran ni ọ̀pọ̀ wọn lò ó dáadáa. Àwa Yorùbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àgbàlagbà wa ni kò lè lò ó. Ọmọ ọwọ́ wa lè lò ó, ṣùgbọ́n bí ó ti ń dàgbà ni agbára náà ń lọ. Nítorí náà, bí inú bá ń kùn, tí afẹ́fẹ́ kún inú lẹ́yìn tí a mu mílíìkì, ìdààmú ni, kì í pani. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èyí tí a ń sọ yìí.

Ẹ̀kẹta ni ojúlówó èèwọ̀ ara, tí àwọn dókítà ń pè ní alẹ́jì. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí Ọlọ́run dá láti máa bá àrùn jà ni wọ́n ṣi oúnjẹ mú, tí wọ́n pè é ní ọ̀tá. Ó sábà máa ń yọjú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ: ara a sú kókó-kókó, a máa yún, ètè àti ojú a wú, ọmọ a máa bì, a máa wú ikọ́, a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ó bá le, ọ̀nà ọ̀fun a dí, ara a rọ̀ jọwọrọ, ọmọ a sì dákú. Gbogbo ìgbà tí ó bá jẹ oúnjẹ náà ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ kéré. Ẹyin, mílíìkì màlúù, ẹ̀pà, kajú, yánmọtí, sóyà, àlìkámà, ẹja, àti edé pẹ̀lú akàn ni wọ́n sábà máa ń fà á. Irú mìíràn wà tí ń mú kí ọmọ ọwọ́ bì léraléra ní wákàtí kan sí mẹ́rin lẹ́yìn oúnjẹ, tí ara rẹ̀ yóò funfun, tí yóò sì rẹ̀ ẹ́. Òun náà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ìdánwò

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ti bá wa wí tán, a gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ńlá kan, lọ́dọ̀ dókítà ọmọdé. Ohun tí a kọ́ níbẹ̀ nìyí.

Ìdánwò àkọ́kọ́ ni ìtàn, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Kí ni ọmọ jẹ? Báwo ni ó ti pọ̀ tó? Ìṣẹ́jú mélòó ni ó gbà kí ara tó yí padà? Ṣé wọ́n sè é ni, àbí wọ́n dín in? Ṣé ó ti jẹ ẹ́ rí? Nítorí náà, kí ẹ tó gbàgbé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ìdánwò kejì ni ti awọ ara àti ti ẹ̀jẹ̀. Wọ́n a kán omi oúnjẹ díẹ̀ sí apá ọmọ, wọ́n a fi abẹ́rẹ́ kékeré gún ibẹ̀ fẹ́rẹ́, wọ́n a sì dúró fún bí ìṣẹ́jú 15. Bí ibẹ̀ bá wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, ó fi hàn pé àwọn ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ ti dá oúnjẹ náà mọ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ náà ń wá ohun kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: kí ara dá oúnjẹ mọ̀ kò túmọ̀ sí pé yóò bá a jà. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2013 láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ní agbègbè Accra fi èyí hàn kedere. Ìdánwò ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí ọmọ 17 nínú 100 ni ara wọn dá ẹ̀pà mọ̀. Ti awọ ara ní 2 péré nínú 100. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ náà ń jẹ ẹ̀pà láìsí wàhálà. Àwọn olùwádìí rí i pé irú àmì bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tí ó ní àtọ̀sí ajá, torí pé ohun tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá kòkòrò náà jà lè jọ èyí tí à bá fi bá ẹ̀pà jà. Ẹ wo irú àṣìṣe tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fi ìwé ẹ̀jẹ̀ nìkan gba ẹ̀pà lẹ́nu gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò fi irun orí tàbí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sọ ọgọ́rùn-ún oúnjẹ tí ọmọ yín kò gbọdọ̀ jẹ, ẹ fi owó yín sápò.

Ìdánwò kẹta ni adájọ́: kí ọmọ jẹ oúnjẹ náà níwájú dókítà. Ilé ìwòsàn ni a ti ń ṣe é, kì í ṣe ilé, kì í ṣe ilé ìyá àgbà. Ara ọmọ gbọ́dọ̀ le ní ọjọ́ náà; kò gbọdọ̀ ní ibà, kò gbọdọ̀ máa wú ikọ́ fée. Dókítà yóò ní kí a dáwọ́ Piriton àti irú rẹ̀ dúró fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí oògùn má bàa bo àmì mọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ adrenaline gbọ́dọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó. Wọ́n a fún ọmọ ní bíńtín, bí orí abẹ́rẹ́. Wọ́n a dúró bí ìṣẹ́jú 15 sí 30, wọ́n a wo awọ ara, wọ́n a gbọ́ èémí. Bí kò bá sí nǹkan, wọ́n a fi kún un, wọ́n a tún dúró, títí yóò fi jẹ ìwọ̀n tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ. Lẹ́yìn èyí wọ́n a tún ṣọ́ ọ fún wákàtí mélòó kan. Bí àmì bá yọ, wọ́n a dá a dúró, wọ́n a sì tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Èsì ti ọmọ wa nìyí. Awọ ara rẹ̀ wú sí ẹyin. Kò wú sí mílíìkì, kò wú sí ẹ̀pà, kò wú sí ẹja tàbí edé. Ẹ̀wà kò tilẹ̀ sí nínú ẹjọ́. Mílíìkì àti ẹja tí ó ti jẹ rí láìsí nǹkan, dókítà ní kí a dá wọn padà. Ẹ̀pà tí kò jẹ rí, ilé ìwòsàn ni ó ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kò sì sí nǹkan kan. Oṣù márùn-ún ni a fi gba oúnjẹ márùn-ún lẹ́nu ọmọ lásán. Ìyá rẹ̀ sunkún ní ọjọ́ náà, ẹ̀rù kọ́ ni, àbámọ̀ ni.

Bí a ṣe ń dá oúnjẹ padà

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ẹyin lónìí yóò kọ̀ ọ́ títí láé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn kọ ẹyin àti mílíìkì ni ó ń borí rẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà. Ti ẹ̀pà le jù: nǹkan bí ẹyọ kan nínú márùn-ún ni ó ń borí rẹ̀. Nítorí náà, ìdánwò kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ máa padà lọ ní àkókò tí dókítà bá dá.

Iná a máa yí ẹyin àti mílíìkì padà. Bí a bá pò wọ́n mọ́ fúláwà, tí a sì yan wọ́n nínú ààrò títí wọn yóò fi jinná dénú, bíi kéèkì tàbí bísíkíìtì, ohun tí ara ń bá jà nínú wọn a dínkù. Nǹkan bí ọmọ méje nínú mẹ́wàá tí ara wọn kọ ẹyin ni ó lè jẹ ẹyin inú kéèkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni mílíìkì inú bísíkíìtì rí. Orí èyí ni àwọn dókítà gbé àkàbà tí wọ́n ń lò kà. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ni èyí tí a yan pẹ̀lú fúláwà. Ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni èyí tí iná rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ti ẹyin a gòkè dé ẹyin sísè, kí ó tó kan ẹyin dídín tí kò le. Ti mílíìkì a gòkè dé yógọ́ọ̀tì, kí ó tó kan mílíìkì gan-an. Bí ẹsẹ̀ ọmọ kò bá tíì fìdí múlẹ̀ lórí ọ̀kan, a kì í gun èkejì.

Ṣùgbọ́n àkàbà yìí kì í ṣe ti gbogbo ọmọ, dókítà ni ó sì ń sọ ẹni tí ó lè gùn ún nílé. Ọmọ tí èémí rẹ̀ ti há rí, tí ó ti dákú rí, tàbí tí ó ní ikọ́ fée, ilé ìwòsàn ni tirẹ̀. Ẹ̀pà kò sì ní irú àkàbà bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé sísun kò rọ ẹ̀pà. Ó tilẹ̀ lè mú un le sí i. Kúlíkúlí, ẹ̀pà sísun àti ẹ̀pà inú ògì, ọ̀kan náà ni wọ́n fún ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà.

Ọgbọ́n kí a máa fi díẹ̀díẹ̀ mọ́ ara lára kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1908 dókítà kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Alfred Schofield, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọdún 13 kan tí ẹyin fẹ́ pa. Ó fi ẹyin bíńtín sínú oògùn oníhóró, ó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí ọmọ náà fi ń jẹ ẹyin. Lónìí ọ̀nà yìí ti di iṣẹ́ àwọn onímọ̀, ewu sì wà nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a ṣe nílé.

Ọmọ wa pé ọdún méjì kí wọ́n tó fún un ní kéèkì nílé ìwòsàn. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ń na ọwọ́ sí i. Nígbà tí ó kan ẹyin sísè ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ sú ní ìgbà kẹrin tí wọ́n fi kún un. Wọ́n dá a dúró, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Inú wa bàjẹ́, ṣùgbọ́n dókítà ní kò sí àdánù níbẹ̀: a ti mọ ibi tí ààlà wà. Ó ní kí a máa fún un ní kéèkì nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí a má ṣe jẹ́ kí ó já. Oúnjẹ tí ara ti gbà, tí a bá dáwọ́ rẹ̀ dúró fún ìgbà pípẹ́, ara lè tún kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọdún kan ó tún jẹ ẹyin sísè níwájú wọn, kò sì sí nǹkan. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí, ó sì ń jẹ mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọwọ́, ti yín rèé. Ní 1998 ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn ọmọ tí alẹ́jì wà nínú ẹbí wọn má ṣe jẹ ẹ̀pà títí wọn yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Ní 2000 àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ irú rẹ̀. Síbẹ̀ alẹ́jì ẹ̀pà ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ní 2008 Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé àwọn ọmọ Júù tí ń gbé ní Gẹ̀ẹ́sì ní alẹ́jì ẹ̀pà ní ìlọ́po mẹ́wàá ju àwọn ọmọ Júù ní Ísírẹ́lì lọ, níbi tí ọmọ ti ń jẹ ẹ̀pà láti kékeré.

Wọ́n wá kó ọmọ ọwọ́ 640 jọ, àwọn tí awọ ara wọn ń gbẹ, tí ó ń yún gidigidi, tàbí tí ara wọn kọ ẹyin. Wọ́n ní kí apá kan máa jẹ ẹ̀pà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí apá kejì má ṣe fọwọ́ kàn án títí di ọdún márùn-ún. Èsì jáde ní 2015. Nínú àwọn tí ìdánwò awọ ara wọn kò fi nǹkan hàn níbẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 14 nínú 100 lára àwọn tí a gba ẹ̀pà lẹ́nu wọn ni ó ní alẹ́jì rẹ̀. Lára àwọn tí ń jẹ ẹ́, 2 péré nínú 100 ni. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti yí ọ̀rọ̀ padà, tí wọ́n ní kí a tètè bẹ̀rẹ̀.

Ìyá àgbà tí ó ń po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ògì ọmọ kò ṣe àṣìṣe. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn rẹ̀, bí oúnjẹ mìíràn ti ń wọlé, kí ẹyin tí ó jinná dáadáa àti ẹ̀pà lílọ̀ wọlé pẹ̀lú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, díẹ̀díẹ̀, ní òwúrọ̀, kí ojú yín lè wà lára ọmọ. Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní hóró ẹ̀pà, ó lè há a lọ́fun. Ọmọ tí awọ ara rẹ̀ ń yún gidigidi tàbí tí oúnjẹ kan ti bá jà rí, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lójijì

Bí èémí ọmọ bá ń há, bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, tàbí bí ara rẹ̀ bá rọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má ṣe fún un ní mílíìkì, ẹ má ṣe ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Abẹ́rẹ́ adrenaline sí ẹ̀gbẹ́ itan ni oògùn rẹ̀. Piriton lè dá ara yíyún dúró, kò lè ṣí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí èémí bá ń dà á láàmú, ẹ jẹ́ kí ó jókòó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rìn. Ẹ pe 767 tàbí 112, ṣùgbọ́n ẹ mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà wa. Ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

A fi ohun mẹ́ta síwájú ìgbìmọ̀. Èkíní, kí a fi ẹ̀yáwó ìdánwò oúnjẹ ọmọ kún ẹ̀yáwó kíákíá, kí òbí má bàa sun ún síwájú bí a ti ṣe. Èkejì, kí a tẹ káàdì kékeré kan fún ọmọ tí dókítà ti sọ èèwọ̀ ara rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò oúnjẹ rẹ̀: oúnjẹ tí kò gbọdọ̀ jẹ, àti nọ́ńbà tẹlifóònù òbí. Ilé ìtọ́jú ọmọ àti ìyá àgbà yóò rí i kà. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń ra oúnjẹ lọ́pọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí olùrà ka ohun tí a kọ sára páálí. Òfin NAFDAC ní kí olùṣe oúnjẹ kọ ohun tí ó fi ṣe é síbẹ̀. Èyí tí kò ní páálí, bíi búrẹ́dì àti kéèkì ojú ọ̀nà, ẹ bi ẹni tí ó yan án.

Orúkọ ẹgbẹ́ wa ni alájẹṣẹ́kù, ẹni tí ó jẹ tí ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Díẹ̀díẹ̀ ni a fi ń kó owó jọ, tí a kì í sì í jẹ́ kí ó já. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ń dá oúnjẹ padà sẹ́nu ọmọ: bíńtín lónìí, díẹ̀ sí i lọ́la, níwájú ẹni tí ń ṣọ́ ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ti mú oúnjẹ kan kúrò lẹ́nu ọmọ nílé láìrí dókítà, ẹ má ṣe sáré fi fún un lálẹ́ òní. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ fún ìdánwò lọ́sẹ̀ yìí.

Ọlọ́run yóò bá wa wò wọ́n.